Garawa Kọ́ Ló Pa Á: Bí A Ṣe Ń Lo Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nínú ẹ̀ka wa, kò sí ẹni tí kò mọ àkànlò èdè Yorùbá dé àyè kan. A ti kọ́ ọ ní kíláàsì, a ti ṣe ìdánwò lé e lórí, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí wa lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ti Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ní kò ju àwọn ìlà tí a há sórí nígbà tí à ń múra ìdánwò WAEC àti JAMB. Apá òsì ni àkànlò èdè, apá ọ̀tún ni ìtumọ̀. "To kick the bucket": láti kú. "To let the cat out of the bag": láti tú àṣírí. A há a, a yege, a wọ yunifásítì, ó parí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ìtumọ̀ fún ni, kì í sọ ẹni tí a lè sọ ọ́ fún, kì í sọ ibi tí a ti lè sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í sọ bí a ṣe lè tò ó nínú gbólóhùn. Lọ́dún tó kọjá, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wa kú. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lórí WhatsApp. Ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "We heard that Daddy kicked the bucket yesterday. Please accept our condolences." Ẹni tó kọ ọ́ kò ní èrò búburú kankan lọ́kàn. Ohun tí ìwé ìmúra-ìdánwò kọ́ ọ ló lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ kú kò dá a lóhùn, ó sì pẹ́ kí àwọn méjèèjì tó tún máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ dáadáa.

Nítorí irú èyí ni mo fi rò pé ó yẹ ká fi ohun tí a ti kọ́ nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè yẹ àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa di àgùnbánirọ̀ láìpẹ́, wọ́n á sì ní ká wá kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan máa di akọ̀ròyìn, àwọn kan máa di ògbufọ̀. Kò yẹ ká máa fi àlàyé ìlà kan náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Kí ni à ń pè ní àkànlò èdè?

Àkànlò èdè ni àpapọ̀ ọ̀rọ̀ tí a kò lè rí ìtumọ̀ rẹ̀ tí a bá kàn ro ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó mọ "fi", tó mọ "àáké", tó mọ "kọ́", tó sì mọ "orí", kò tíì mọ̀ pé ẹni tó fàáké kọ́rí ni ẹni tó kọ̀ jálẹ̀. Bákan náà, ẹni tó mọ "spill" tó sì mọ "beans" kò tíì mọ̀ pé ẹni tó "spill the beans" ti tú àṣírí. Odindi rẹ̀ la máa ń kọ́, bí ẹni kọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ òwe. Òwe lè dá dúró. Ó jẹ́ odindi gbólóhùn tó ní ìmọ̀ràn tàbí ìkìlọ̀ nínú. "A stitch in time saves nine" jẹ́ òwe; ẹ lè sọ ọ́ kí ẹ sì dákẹ́. Àkànlò èdè kì í dá dúró bẹ́ẹ̀. Inú gbólóhùn tiwa ló máa ń gbé. Tí ẹ bá fẹ́ lo "turn a blind eye", ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹni tó mójú kúrò, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó mójú kúrò lára rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó pé: "The landlord turned a blind eye to the leaking roof." Ẹ wo "to" tó tẹ̀lé e. Ara àkànlò èdè náà ni. Ẹni tó bá kọ "turned a blind eye on" tàbí "at" ti já nǹkan kan kúrò lára rẹ̀.

Ìdánwò mẹ́ta tí a lè fi yẹ̀ ẹ́ wò

Àkọ́kọ́, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn tó jọ ọ́. "Bucket" àti "pail" kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, garawa ni méjèèjì. Síbẹ̀, ẹni tó "kick the pail" kò kú, ó kàn fẹsẹ̀ gbá garawa ni. Ẹ dán an wò pẹ̀lú tiwa: ẹni tó bá ní ọmọ òun fàdá kọ́rí, a máa bi í pé kí ló dé tí wọ́n jẹ́ kí ọmọ máa fi àdá ṣeré.

Ìkejì, ẹ yí ètò gbólóhùn padà. Níbí ni nǹkan ti dùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀dá èdè. Tí ẹ bá sọ pé "The bucket was kicked", ikú ti jáde kúrò nínú rẹ̀, garawa nìkan ló kù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá sọ pé "The beans were spilled", àṣírí ṣì tú. Kí ló fà á? Ní ọdún 1970, Bruce Fraser fi hàn pé àkànlò èdè kò le bákan náà. Ó tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn, láti orí èyí tó ṣeé yí dáadáa dé orí èyí tí kò ṣeé fọwọ́ kàn rárá. Ní ọdún 1994, Geoffrey Nunberg, Ivan Sag àti Thomas Wasow wá ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kan wà tí ẹ̀yà ìtumọ̀ pín sára ẹ̀yà ọ̀rọ̀. Nínú "spill the beans", "spill" ló dúró fún títú, "beans" ló sì dúró fún àṣírí. Nítorí náà, ẹ lè gbé "beans" síwájú. Nínú "kick the bucket", kò sí apá kankan nínú ikú tí a lè tọ́ka sí pé garawa nìyí. Odindi ni, a kò lè tú u.

Yorùbá kò ní irú ìyípadà "was kicked" yẹn, ṣùgbọ́n a ní gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ìdánwò kan náà. Ẹ gbọ́ èyí: "Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló kó jẹ." Létí tèmi, kò bà jẹ́, ẹni náà ṣì sẹ́ ohun tó sọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ gan-an ni "ọ̀rọ̀" inú rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ èyí: "Àáké ló fi kọ́rí." Ẹni tó gbọ́ ọ máa wo orí ẹni náà bóyá òun á rí irin. Ohun tí àwọn onímọ̀ wọ̀nyí rí nínú Gẹ̀ẹ́sì wà nínú èdè tiwa náà.

Ìkẹta, ẹ wo iye. Gẹ̀ẹ́sì máa ń dì í pa. "Pull someone's leg" ni, ẹsẹ̀ kan. Ẹni tí wọ́n bá "pull" ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ewu. "Take to one's heels" ni, gìgísẹ̀ méjì. "Lend a hand" ni, ọwọ́ kan, kódà bí ẹni náà bá fi méjèèjì ràn yín lọ́wọ́. Níwọ̀n ìgbà tí Yorùbá kì í fi àmì sára ọ̀rọ̀-orúkọ láti sọ iye rẹ̀, ibí yìí gan-an ni ẹsẹ̀ wa ti máa ń yọ̀.

Ohun tí ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ wa ni pé kí a lo àkànlò èdè bí a ṣe bá a. Ẹ̀dà tí ẹ bá rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè, òun ni kí ẹ lò. Ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa nìkan ló mọ èyí tó ṣeé fà gùn.

Ọ̀rọ̀ ikú: ta ni à ń bá sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí garawa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọba kì í kú, ọba máa ń wàjà ni. Àgbàlagbà lè papò dà, ó lè tẹ́rí gbaṣọ. "Ta téru nípàá" wà pẹ̀lú, "gbékuru jẹ lọ́wọ́ ẹbọra" náà wà. Gbogbo wọn, ikú ni. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó máa wọ ààfin lọ sọ pé Kábíyèsí ta téru nípàá. Kò sì sí ẹni tó kọ́ wa ní òfin yìí ní kíláàsì. A bá a nílé.

Ẹ tún wo "ta téru nípàá" yẹn dáadáa. Ká ta nǹkan nípàá ni ká fi ẹsẹ̀ gbá a. Àwa náà ń fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan tí a bá ń kú, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń gbá garawa. Àwòrán méjèèjì jọra, ipò wọn nínú èdè náà sì jọra: ọ̀rọ̀ ẹnu ni, tó fúyẹ́, tó ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Nígbà tí Francis Grose kó "kick the bucket" sínú ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ní ọdún 1785, ìwé nípa ọ̀rọ̀ ìgboro àti èdè àwọn èèyàn lásán ni ìwé náà. Láti ìgbà yẹn títí di òní, kò tíì gbé agbádá wọ.

Nítorí náà, tí ẹ bá ń kọ́ àkànlò èdè nípa ikú, ẹ má kọ "láti kú" síwájú gbogbo wọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Pass away": ó rọ̀ létí, kò sí ibi tí kò ṣeé lò. Òun ni kí ẹ fi kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

"Breathe one's last": ti inú ìwé ni, ó bá ìtàn àti ọ̀rọ̀ ìdágbére mu.

"Meet one's death": ti ìjàǹbá àti ìròyìn ni. "He met his death on the expressway."

"Give up the ghost": ó wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ wa sì ń lò ó fún èèyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Britain lóde òní, ẹ̀rọ ló sábà máa ń "give up the ghost": mọ́tò tó dákú, jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́.

"Kick the bucket" àti "bite the dust": ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹ lè lò wọ́n fún ẹni inú fíìmù, fún fóònù tó bà jẹ́, fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fìdí rẹmi. Ẹ má gbé wọn dé ilé ọ̀fọ̀.

Ohun tí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́ wa yẹn nílò kò ju gbólóhùn kan lọ: "We are so sorry to hear that your father has passed away." Kò sí ọgbọ́n àrà nínú rẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Nínú ọ̀fọ̀, ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ló níyì.

Àpótí mẹ́ta

Ọ̀nà kan tí mo fi ń rántí àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì ni pé mo máa ń fi í wé tiwa, lẹ́yìn náà mo máa ń sọ ọ́ sínú ọ̀kan nínú àpótí mẹ́ta.

Inú àpótí kìíní ni àwọn tí àwòrán wọn àti ìtumọ̀ wọn bára mu wà. "Add fuel to the fire": bu epo síná. "Have a hand in something": lọ́wọ́ nínú nǹkan. Àwọn wọ̀nyí kò ní wàhálà. Ẹ lè túmọ̀ wọn tààrà lórí rédíò, ẹni tó wà lóko á gbọ́ ọ.

Inú àpótí kejì ni àwọn tí ìtumọ̀ wọn bára mu, tí àwòrán wọn kò sì bára mu. Tí ara bá fu ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, á ní òun "smell a rat", òun gbọ́ òórùn eku. Àwa á ní ejò lọ́wọ́ nínú. Ẹni tí ọ̀rẹ́ dà, wọ́n "stabbed him in the back", wọ́n gún un lọ́bẹ lẹ́yìn. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n gbẹ̀yìn bẹbọ jẹ́ fún un. Ẹni tó sá lọ "took to his heels". Tiwa na pápá bora. Ẹni tó "dug his heels in" fàáké kọ́rí. Ẹni tó "turned a deaf ear" kọ etí ikún. Nínú àpótí yìí, ẹni tó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan ti ba iṣẹ́ jẹ́. Ká ní olùdíje kan fi ìdíje sílẹ̀, tí oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó "has thrown in the towel", tí ẹni tó ń ka ìròyìn Yorùbá sì sọ pé ó ti ju tówẹ̀lì sílẹ̀, olùgbọ́ kò ní mọ̀ bóyá ilé ìwẹ̀ ni ọkùnrin náà ti ń bọ̀. "Ó ti gbà pé apá òun kò ká a mọ́" ló yẹ kó sọ.

Àpótí kẹta léwu jù. Inú rẹ̀ ni àwọn tó jọ tiwa lójú, tí ìtumọ̀ wọn sì lọ sí ibòmíràn. Ẹ wo "get cold feet". Nínú èdè wa, ohun tó bá tutù, ohun ìrọ̀rùn ni. A máa ń gbàdúrà kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rù ló bà á lójijì, ó sì fẹ́ yẹ̀ kúrò nínú ohun tó ti gbà láti ṣe. Ẹ wo "have a sweet tooth". Ó jọ ẹnu dídùn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́nu dídùn mọ ọ̀rọ̀ í sọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ní "sweet tooth" kàn fẹ́ràn súwíìtì àti kéèkì ni. Ẹ tún wo "wash one's hands of something". Àwa ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, ìyìn ni. Ti Gẹ̀ẹ́sì wá láti inú ìtàn Pílátù nínú Mátíù orí 27: ẹni tó wẹ ọwọ́ rẹ̀ ti ní òun kò sí níbẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bi òun. Tiwa tó sún mọ́ ọn ni "yọwọ́ yọsẹ̀".

Mọ ilé tó ti wá

Àkànlò èdè rọrùn láti rántí tí a bá mọ ilé rẹ̀. Púpọ̀ nínú ti Gẹ̀ẹ́sì wá láti inú Bíbélì, a sì ní àǹfààní ńlá níbẹ̀, nítorí pé odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá láti ọdún 1884, látọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá ti ka Mátíù orí 20, nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà nígbà tí ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú, ti mọ "at the eleventh hour": nígbà tó kù díẹ̀ kí àkókò tán. Ẹni tó mọ ìtàn Dáníẹ́lì orí 5, níbi tí ọwọ́ kan ti kọ̀wé sára ògiri ààfin Bábílónì, ti mọ "the writing on the wall". Kí ẹ rántí pé ìparun ni ìkọ̀wé yẹn ń sọ. Nítorí náà, àmì ibi ni àkànlò èdè náà. A kì í lò ó fún ìròyìn ayọ̀.

Àwọn kan wá láti orí òkun, nítorí pé erékùṣù ni ilẹ̀ wọn, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi rin ayé. Ọmọ tuntun nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mọ okùn tó ń gbé ìgbòkun sókè àti èyí tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Òun ni "learn the ropes", ká mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Àsíá ọkọ̀ ni "colours" inú "show one's true colours", ká fi irú ẹni tí a jẹ́ hàn. Àwọn mìíràn wá láti inú ìjà ẹ̀ṣẹ́: "throw in the towel" tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àti "hit below the belt", ká ṣe ohun tí kò tọ́ síni láàárín ìjà tàbí àríyànjiyàn.

"Cut your coat according to your size"

Àwọn kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ń sọ lọ́nà tó yàtọ̀. Mo fẹ́ kí a wo mẹ́rin, kì í ṣe láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, bí kò ṣe láti mọ ohun tó fà á.

"Cut your coat according to your size." Ti Britain ni "according to your cloth". Aṣọ tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ fi rán ẹ̀wù, ìyẹn ni pé kí ẹ ná owó níwọ̀n tí agbára yín mọ. "Size" sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara. Mo fura pé òwe wa ló wà nídìí rẹ̀: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n ni ọkàn wa ti wà.

"Half bread is better than none." "Half a loaf" ni. Lọ́dọ̀ wa, búrẹ́dì ni odindi, búrẹ́dì náà ni èyí tí a gé. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ fún odindi rẹ̀, "loaf", kì í sì í ka "bread" ní oókan, eéjì.

"More grease to your elbow." "More power to your elbow" ni. Ohun tó dà á pọ̀ hàn kedere: Gẹ̀ẹ́sì ní àkànlò èdè mìíràn, "elbow grease", tó túmọ̀ sí iṣẹ́ àṣelàágùn. Àwọn méjèèjì ló pàdé lẹ́nu wa tí wọ́n sì di ọ̀kan.

"Add salt to injury." Méjì tó pàdé ni èyí náà: "add insult to injury" àti "rub salt in the wound". Ẹ mú ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀.

Nínú ìdánwò, nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́, nínú ohun tí ẹ bá ń kọ sí ẹni tó wà ní òkè òkun, ẹ lo ti inú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹni tó ń wo ìwé yín kò mọ ìtàn búrẹ́dì wa.

Èyí tó jẹ́ tiwa

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń sọ lọ́nà tiwa ni àṣìṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford English Dictionary fi ọ̀rọ̀ àti àpólà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà 29 kún ara rẹ̀. "To rub minds" wà níbẹ̀, ká fikùnlukùn. "To put to bed" wà níbẹ̀, kí obìnrin bímọ. "Next tomorrow" wà níbẹ̀, ọ̀túnla tiwa gan-an. "To eat money" wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ará ilé kan náà ni òun àti "jẹ owó".

Kí ló ya "eat money" sọ́tọ̀ sí "half bread"? Lójú tèmi, "half bread" jẹ́ àkànlò èdè ẹlòmíràn tí a gbọ́ lódì. "Eat money" kò ti ọwọ́ ẹnikẹ́ni bọ́. Àwòrán tiwa ni, a gbé e wọ Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé a nílò rẹ̀, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí sì gbọ́ ọ. Síbẹ̀, pé ó ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè kò sọ pé gbogbo ibi la ti lè lò ó. Ẹ sọ fún ará London pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín "has put to bed", á máa retí kí ẹ sọ ẹni tó tẹ́ sùn.

Bí ẹ ṣe lè máa lò ó

Ẹ má kọ́ àkànlò èdè láìsí gbólóhùn. Ẹ kọ gbólóhùn tí ẹ ti rí i sílẹ̀. Ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó ń sọ ọ́ fún síwájú rẹ̀. Ẹ fi í sínú ọ̀kan nínú àpótí mẹ́ta yẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, àìsàn, owó tàbí ẹ̀sìn, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì kó o pọ̀ jù: ọ̀kan nínú ìpínrọ̀ kan tó. Àròkọ tí àkànlò èdè kún fọ́fọ́ dà bí ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ jù. Ibi tí ẹ kò bá ti dá yín lójú, ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. "He died" kò tíì ba ìwé ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ẹ dán ara yín wò. Èwo ló tọ́ nínú àwọn wọ̀nyí?

1. "When the police arrived, the thieves took to their heel."
2. "The whole school mourns our beloved principal, who bit the dust on Sunday."
3. "In the end, the beans were spilled by his own brother."
4. "The writing is on the wall that my sister will win the scholarship."
5. "My old generator has finally given up the ghost."

Ìdáhùn: Ìkíní kò tọ́, "heels" ni. Ìkejì kò ní àṣìṣe gírámà, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni níbi ọ̀fọ̀. "Passed away" ni kí ẹ lò. Ìkẹta tọ́, nítorí pé "beans" ṣeé gbé síwájú. Ìkẹrin kò tọ́. Ìròyìn ayọ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àmì ibi sì ni ìkọ̀wé ara ògiri. Ìkarùn-ún tọ́, ẹ kú ìnira jẹnẹrétọ̀ o.

Ẹni tó bá gba márùn-ún, ó káre. Ẹni tó bá kọsẹ̀ níbi ìkejì, kó tún apá ọ̀rọ̀ ikú kà kó tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìkẹ́dùn mìíràn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.